Màmá Ṣíbí àti Ìjókòó Kẹtàdínlọ́gọ́fà

Màmá Ṣíbí ni gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ń pè é. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínṣì mẹ́sàn-án. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, nígbà tí mo fẹ́ kan àpótí tí yóò máa dúró lé lórí nídìí ààrò, kí ojú rẹ̀ lè tó inú ìkòkò.

Èmi ni káfíńtà ibẹ̀. Ìwé mi kò pọ̀. Mo mọ nọ́ḿbà dáadáa, mo sì lè kọ lẹ́tà tí ènìyàn yóò kà bí ó bá ní sùúrù. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ síbí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kéré. Ìjọ ló dá a sílẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í kó ère tàbí àwòrán sí ilé ìsìn. Ògiri funfun, àga ìwàásù, dùùrù, Bíbélì kan lórí tábìlì, ó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ju igba ó lé mẹ́tàlá lọ. Wọn kì í kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ kan pàtó níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ nípa ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìtàn. Ẹni tó ń ka ìtàn gbọ́dọ̀ kọrin. Ẹni tó ń kọrin gbọ́dọ̀ la inú ọ̀pọ̀lọ́ wò. Mo bi olùkọ́ kan léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Kí orí wọn lè gbòòrò ni, Bàbá Káfíńtà.” Mo wo orí àwọn ọmọ náà. Mi ò rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Bóyá ibẹ̀ ló gbòòrò sí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá Ṣíbí nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, abọ́ ló ń fọ̀. Nígbà tó fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, òun ni olórí ilé ìdáná. Ṣíbí onígi kan ló sọ ọ́ lórúkọ. Ṣíbí náà gùn tó apá mi, kì í sì í fi í sílẹ̀. Ó ń fi ro ọbẹ̀. Ó ń fi júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ń fi lu tábìlì bí ariwo bá pọ̀ jù ní yàrá ìjẹun. Kò fi na ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ bó bá ti gbé e sókè, igba ènìyàn á dákẹ́ bí omi inú kòtò.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ dẹ́rẹ́bà ọ̀nà jíjìn, òru méjì lọ́sẹ̀ ló ń sùn nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ọmọ náà kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ó gboyè, ó lọ di olùkọ́ níbi tó jìnnà. Lọ́sẹ̀ kejì tó lọ, Màmá Ṣíbí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní, “Bàbá Káfíńtà, ilé mi ti dákẹ́ jù. Mo fẹ́ lọ máa gbọ́ ariwo àwọn olùkọ́.”

Mo ní, “Ní ọjọ́ orí yín?”

Ó ní, “Ọjọ́ orí mi kọ́ ló máa kàwé. Èmi ni.”

Òfin kan wà pé òṣìṣẹ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Nínú àwa òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Òun lò ó. Ẹ̀kọ́ kan ní sáà kan, sáà méjì lọ́dún. Ẹ̀kọ́ méjìlélọ́gbọ̀n ni ènìyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó gboyè. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà á. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń fi ọmọ tiwọn ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Màmá, ṣé ẹ ti kùnà ni? Gbogbo ọdún la ń bá yín níbí.”

Á dáhùn pé, “Mi ò kùnà. Ẹ̀yin lẹ ń sáré. Ẹni tó bá sáré jẹun ló ń hukọ́.”

Ilé ìdáná ló ti ń ka ìwé. Bí wọ́n bá ti fọ abọ́ ọ̀sán tán, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kóra jọ yí tábìlì gígùn ká. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, òun náà á bi wọ́n. Ẹni tó bá kùnà ló ń bó àlùbọ́sà ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń rí ẹni bó àlùbọ́sà fún ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn, láìgba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe. Ọmọkùnrin gìrìwò kan wà tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá wọlé, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà á dín. Màmá Ṣíbí bi í pé kí ló fà á tí òṣùpá fi ń dín lójoojúmọ́ títí yóò fi dà bí èékánná.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, “Òjìji ayé ló ń bò ó, Màmá.”

“Irọ́ ni. Ìdajì tí oòrùn ń tàn sí la ò rí tán. Òjìji ayé tìẹ, ó máa ń jáde lóṣooṣù ni? Mú ọ̀bẹ.”

Ó mú ọ̀bẹ. Agbọ̀n kan ààbọ̀ ló bó. Omi ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọbìnrin kan gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?”

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, “Òṣùpá ni.”

Ó kù díẹ̀ kí n fi òòlù lu ọwọ́ ara mi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìsìn wà. Ọgọ́ta ìsìn lọ́dún. Ẹni tó bá pa ju mẹ́wàá jẹ kò ní gboyè lọ́dún yẹn. Òfin náà kò kan òṣìṣẹ́ tó ń kàwé, àfi ní ọdún tó máa gboyè.

Láyé àtijọ́, orúkọ ni wọ́n ń pè. Ẹnì kan á wá, á dáhùn fún mẹ́fà. Ọmọkùnrin kan wà tó lè dún bí obìnrin mẹ́ta. Àwọn ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n kun nọ́ḿbà sí ẹ̀yìn àwọn bẹ́ǹṣì, níbi tí èjìká ń fara tì. Bẹ́ǹṣì ogún, ènìyàn méjìlá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kun 1 títí dé 240, ọ̀dà funfun lórí igi dúdú. Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á bo nọ́ḿbà rẹ̀. Nọ́ḿbà tó bá hàn, ẹni tó ni ín kò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á jókòó lókè lọ́hùn-ún níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, á kọjú sí wọn, á kọ àwọn nọ́ḿbà tó rí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti parí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọkùnrin tín-ín-rín kan ló ń ṣe é, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Kò mọ irọ́ í pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ̀rẹ́bìnrin tirẹ̀ pé kò wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó kọ ara rẹ̀ náà. Wọ́n pè é, wọ́n bi í. Ó ní, “Nọ́ḿbà mi hàn, sà.” Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàlàyé fún un pé ẹni tó wà lókè kò lè wà nísàlẹ̀.

Wọ́n fún Màmá Ṣíbí ní ìjókòó kẹtàdínlọ́gọ́fà. Bẹ́ǹṣì kẹwàá ni, èyí tó kẹ́yìn lápá òsì, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó já sí ilé ìdáná. Òun ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Bí àlùfáà bá ti gba àdúrà ìparí, ó gbọ́dọ̀ sáré lọ wo ìkòkò.

Ó wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá títí ọdún fi parí. Mo mọ̀, nítorí èmi náà máa ń wá, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ń dúró sí.

Ọdún yẹn ló pé ọgọ́ta ọdún. Ìparí sáà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa dópin. Ẹni tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ mọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lọ́dún yẹn ni tàbí kó má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yege ẹ̀kọ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Aránṣọ ti gé ínṣì mẹ́jọ kúrò ní ẹsẹ̀ aṣọ oyè rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kó ọmọ méjì bọ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́ta sí ayẹyẹ, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa gboyè mọ́ pátákó. Orúkọ méjìdínláàádọ́ta. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Èmi wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà lọ́jọ́ náà, mò ń tún férémù fèrèsé ṣe. Màmá Ṣíbí wọlé pẹ̀lú ṣíbí rẹ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé àgbà dìde fún un. Òun náà ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Akọ̀wé. Mo ka pátákó yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò rí ara mi.”

“Màmá, ẹ jókòó. Ó dùn mí o. Ẹ kò wá ìsìn.”

“Ta ni?”

“Ẹ̀yin, Màmá. Ọgọ́ta ìsìn, mẹ́ta péré lẹ wá.”

Ó jókòó. Ó gbé ṣíbí lé orí itan. Mo kọjú sí fèrèsé mi.

Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìwé ló sọ ọ́, Màmá.”

“Ìwé náà, ṣé ó máa ń wá ìsìn ni?”

Akọ̀wé àgbà kò mọ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ti fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Màmá Ṣíbí bi í pé níbo. Akọ̀wé ní nínú àpótí lẹ́tà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ni mo kan àpótí wọ̀nyẹn. Ilé ara rẹ̀ ni Màmá Ṣíbí ń sùn. Kò ní àyè kankan nínú àpótí náà.

Kó tó di pé a mí èémí mìíràn, ìròyìn ti tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níwájú, nítorí náà a ò rí àwọn yòókù. “Sà, ẹ̀yìn mi ni Màmá ń jókòó sí! Ohùn wọn ni mo fi ń mọ orin!” Ọmọbìnrin kan ń ké lábẹ́ apá rẹ̀ pé, “Àwa náà rí wọn, sà! Gbogbo wa la rí wọn!”

Akọ̀wé àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò gba ẹ̀rí ẹnu láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ fà á. Nítorí ẹnu yín la fi kun nọ́ḿbà. Igi là ń gbà gbọ́, a kì í gba ẹnu.”

Mo sọ irinṣẹ́ mi kalẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá. Mo ní, “Bó bá jẹ́ igi ni, ẹ jẹ́ ká lọ bi igi.”

A lọ sí ilé ìsìn. Akọ̀wé àgbà, Màmá Ṣíbí, èmi, Ojú Àwòdì tí wọ́n ti lọ fà jáde ní yàrá ìkàwé, àti bí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn wa. Mo mú wọn dé bẹ́ǹṣì kẹwàá.

Mo ní, “Ìsinmi gígùn tó ṣáájú ọdún yìí ni mo fi fáníìṣì kun gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ohunkóhun tó bá ha lára rẹ̀, ọdún yìí ló ha. Ẹ wo èyí.”

Mo fi ìjókòó kejìdínlọ́gọ́fà hàn wọ́n. Fáníìṣì ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, nọ́ḿbà rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú. Ẹni tó ni ín ń fara tì í. Mo fi ìkọkàndínlọ́gọ́fà hàn wọ́n. Ọmọ tó ni ín fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní ọdún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yìn ń dán, ìdí náà ń dán. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ti Màmá Ṣíbí hàn wọ́n. Ẹ̀yìn ń dán bí ọjọ́ tí mo kùn ún, nọ́ḿbà funfun báláú. Ṣùgbọ́n etí ìjókòó níwájú, nǹkan bí ínṣì mẹ́fà, ti ṣí dé igi.

Mo ní, “Gíga bẹ́ǹṣì yìí jẹ́ ínṣì méjìdínlógún. Èmi ni mo gé e bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin yìí bá fara tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kanlẹ̀. Etí ló ń jókòó lé. Kò fẹ̀yìn kan nọ́ḿbà yẹn rí láyé.”

Akọ̀wé àgbà tẹ̀ ba. Ó fi ìka pa etí ìjókòó náà.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní, “Ẹ wo ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì tèmi náà, sà. Ibi tí wọ́n ń gbé ìgúnpá lé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.”

Akọ̀wé àgbà gbé imú sún mọ́ ọn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, “Àlùbọ́sà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà ṣì jẹ́ akọ̀wé. Ó ní kí Ojú Àwòdì gun òkè lọ síbi dùùrù. Ó ní kí Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jókòó sáàyè rẹ̀, kí Màmá Ṣíbí jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ó jókòó létí, ó gbé ìgúnpá lé bẹ́ǹṣì iwájú, ó gbé orí lé ọwọ́. Aago márùn-ún ló ń jí lójoojúmọ́. Bó ṣe ń gbọ́ ìwàásù nìyẹn.

Akọ̀wé àgbà kígbe sókè. “Kí lo rí?”

“Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà, sà!”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

Ojú Àwòdì na ọrùn. “Kò sẹ́nì kankan, sà! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan!”

Ohùn kan jáde lẹ́yìn Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. “Mo wà níbí o, ìwọ ọmọ yìí! Àwòdì tí kò rí adìẹ!” Ṣíbí yọ sókè lórí èjìká ọmọkùnrin náà, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀rín náà, mo rò pé àjà ilé máa ṣí. Akọ̀wé àgbà yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nu omi ojú. Ó béèrè nípa ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ ọ́ pé ó wá. Màmá Ṣíbí ní òun rántí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni, òun dé àkẹtẹ̀ ńlá tí ọkọ òun rà fún òun láti ìrìn àjò. Lọ́jọ́ kẹrin, ooru ìkòkò ti ba etí rẹ̀ jẹ́, òun sì so aṣọ ìdáná mọ́rí wá. Àkẹtẹ̀ ló bo nọ́ḿbà.

Akọ̀wé àgbà ní, “Nítorí náà, àkẹtẹ̀ ló fẹ́ gboyè.” Ó fi kálámù pa mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí wọ́n kọ pé kò wá rẹ́ nínú ìwé ìsìn lójú gbogbo wa, ó sì kọ orúkọ Màmá Ṣíbí sísàlẹ̀ pátákó fúnra rẹ̀. Ó di mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ojú Àwòdì sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Omi ti wà lójú rẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni, nọ́ḿbà nìkan ni mò ń wò.”

Ó fi ṣíbí kan án léjìká jẹ́jẹ́. “Dìde. O ṣe iṣẹ́ rẹ, o ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n agbọ̀n méjì ń dúró dè ọ́.”

“Àlùbọ́sà, Màmá?”

“Ṣé èmi ni mo máa bó o?”

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gé pákó kan, mo dán an, mo kàn án mọ́lẹ̀ síwájú ìjókòó kẹtàdínlọ́gọ́fà. Gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì márùn-ún. Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Ilé ìsìn kún. Akọ̀wé àgbà ti ní kí Màmá Ṣíbí má dáná lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ á ṣe é. Ó ní ó dáa. Mo sì rí ìdí ṣíbí tó yọ lábẹ́ aṣọ oyè.

Ó dé ibi ìjókòó rẹ̀. Ó rí pákó náà. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ibi tí mo wà. Ó jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e. Ó sún sẹ́yìn, ó sún sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, Ojú Àwòdì dìde dúró, ó na ìwé rẹ̀ sókè, ó kígbe pé, “Nọ́ḿbà kò hàn o!” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ títí àlùfáà fi ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàdúrà.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn. Mo ti gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe Màmá Ṣíbí. Ó lọ gba ìwé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi ẹnu fọn fèrè bí dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ yà níbi kọ́nà. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún, àwọn ọmọ-ọmọ ń béèrè pé ṣé oúnjẹ ti dé. Ó padà sí ìjókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó gbé ìwé náà lé àyà.

Lẹ́yìn náà, àlejò pàtàkì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ó ní òun ní kókó méje. Nígbà tó dé ìkẹta, aago ti lu méjìlá. Atẹ́gùn gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó gbé òórùn wá. Èmi náà gbọ́ ọ. Nǹkan kan ti fẹ́ máa jóná ní ìdí ìkòkò.

Mo wò ó. Imú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó fi í sápò. Ó yọ ṣíbí.

Ó ti ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó ní, “Bàbá Káfíńtà, pákó náà dáa. Ínṣì mẹ́fà ni ì bá jẹ́.”

Ó sì jáde lọ. Lókè, Ojú Àwòdì ń wo ibi tí Màmá ti dìde, 117, funfun báláú. Ó gbé kálámù sókè, ó rò ó díẹ̀, ó sì fi í sápò.